Àwòrán Ìlú Orí Òkè: Ìròyìn Ni Tàbí Àfojúbà?

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí àwa olùkọ́ bá gbé àwòrán ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ara ògiri, a máa ń rò ní ọkàn wa pé àfojúbà ni a gbé fún àwọn ọmọ, pé wọ́n ti dé ibẹ̀, wọ́n sì ti fi ojú ara wọn rí i. Èmi pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ẹ̀kọ́ nípa ìgbé ayé àwọn ará orí òkè, tí ọmọkùnrin kékeré kan nínú wọn bi mí ní ìbéèrè méjì tí ó pa mí lẹ́nu mọ́. N ó sọ ìbéèrè náà nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí àwòrán àti sinimá ìlú tí mo fi kọ́ wọn, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n.

Ìlú náà ni Cusco, ní ilẹ̀ Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àárín àwọn òkè Andes ni ó wà, ní ìwọ̀n mítà 3,400 sókè ju ojú òkun lọ, èyí tí ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 11,000. Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ a máa mí hẹlẹ, orí a sì máa fọ́ ọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Cusco ni olú ìlú àwọn ọba Inca kí àwọn ará Spain tó wọ̀ ọ́ ní ọdún 1533. Àwọn ará Spain wó ààfin àti tẹ́ḿpìlì, wọ́n sì kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lé orí ìpìlẹ̀ òkúta tí àwọn Inca ti tò sílẹ̀. A gbẹ́ àwọn òkúta wọ̀nyí kí wọn kí ó bá ara wọn mu tóbẹ́ẹ̀ tí a kò fi ohunkóhun lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà bá a. Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà ní ọdún 1908. Ṣáájú ìgbà náà, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ìbaaka ni a fi ń gun òkè dé ibẹ̀.

Àwọn tí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọ àgbègbè yìí kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ àlejò. Hiram Bingham, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, dé ahoro Machu Picchu ní ọdún 1911, ìwé ìròyìn National Geographic sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1913. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n òkúta ni Bingham wá rí. Nínú àwọn àwòrán rẹ̀ kan, bí a bá rí ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a mú un dúró síbẹ̀ kí a lè mọ bí ògiri náà ti ga tó ni.

Ọmọ ilẹ̀ náà ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Martín Chambi. A bí i ní ọdún 1891 ní ìletò Coaza, ní agbègbè Puno, láti inú ìdílé àwọn àgbẹ̀ tí ń sọ èdè Quechua, èdè tí àwọn Inca pàápàá sọ. Baba rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà wúrà, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ ayàwòrán ní ọwọ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ń ya àwòrán fún ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1908 ó lọ sí ìlú Arequipa, ó sì di ọmọṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ ayàwòrán olókìkí kan, Max T. Vargas. Ní ọdún 1917 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kékeré Sicuani, nígbà tí ó sì di ọdún 1920, ó kó wá sí Cusco. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1973.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ bí irin ti le tó kò lè mọ iyì ọkọ́. Dígí pẹlẹbẹ ni Chambi fi ń gba àwòrán. Wọ́n ti fi ohun kan tí ó rí bí àtè, tí a pò mọ́ èròjà fàdákà, kun ojú dígí náà, ìmọ́lẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kàn án títí a ó fi gbé e sínú ẹ̀rọ. Bí ayàwòrán bá ṣí ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara ènìyàn wá yóò bọ́ sórí dígí. Ẹni tí a ń yà kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn èyí a ó fi oògùn wẹ dígí nínú yàrá òkùnkùn, ohun gbogbo yóò sì farahàn ní òdì: aṣọ funfun yóò dúdú, irun dúdú yóò sì mọ́ gaara. Láti ara dígí òdì yìí ni a ti ń tẹ àwòrán sórí bébà, iye ìgbà tí a bá fẹ́. Dígí wúwo, dígí sì ń fọ́. Ẹ ro ti ẹni tí ó di ẹrù dígí lé ìbaaka, tí ó ń gba etí ọ̀gbun lọ sí ibi ọdún ìletò kan, tí ó mọ̀ pé bí ẹranko náà bá fi ẹsẹ̀ kọ, làálàá ọ̀sẹ̀ kan ti di òfo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ya àwòrán bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Yóò wò, yóò dúró, yóò yàn. Níbi yíyàn yìí gan-an ni àwòrán ti kúrò ní àfojúbà tí ó di ìròyìn. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni ó yan ibi tí yóò dúró sí kí ó tó rò ó fún wa.

Nínú ilé iṣẹ́ Chambi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń lò. Ó ń jẹ́ kí ó ti òkè wọlé, ó sì ń fi aṣọ títa darí rẹ̀ bí ẹni ń darí omi sí ojú ebè. Ní ẹ̀yìn ẹni tí a ń yà, aṣọ tí a kun ní ọ̀dà ni yóò wà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, wọ́n sanwó. Ó tún ń tẹ káàdì alárà àwòrán tí àwọn àlejò ń rà. Èyí ni owó tí ó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó ń ya àwọn tí kò ní owó pẹ̀lú: àwọn alágbàro, àwọn tí ń ta ọjà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ìletò wá, àti ọkùnrin kan tí ó jókòó ti dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ní Tinta, àwòrán ọdún 1935, èyí tí mo rò pé àwọn tí ń tẹ dùùrù láàrín wa yóò fẹ́ràn púpọ̀.

Méjì nínú àwọn àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èkíní jẹ́ ti ọdún 1930: ìgbéyàwó Don Julio Gadea, ẹni tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ ìjọba ní Cusco. Aṣọ funfun ìyàwó tàn yòò láàrín òkùnkùn, àwọn ènìyàn pàtàkì yí i ká, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó dà bí ẹni tí a mú jáde sí ìmọ́lẹ̀ láti inú ihò kan. Èkejì jẹ́ ti ọdún 1929, ó ṣáájú èkíní ní ọdún kan péré: àwọn àgbẹ̀ nínú ilé ẹjọ́ ní Cusco, tí wọ́n wọ aṣọ ìbora ìbílẹ̀ wọn, tí ojú wọn sì le koko. Ní ayé ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ ńlá ni ó ni oko tí ó tẹ́jú, àwọn ará ìletò sì ń bá wọn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Èdè Spain ni a ń sọ nínú ilé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kò sì gbọ́ ju Quechua lọ.

Àwòrán èkejì yìí ni mo gbé sí iwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Mo ti ṣàlàyé òkè, òtútù, ẹranko láámà tí ń ru ẹrù, àti pòtétò tí wọ́n ń gbìn ní orí òkè, ohun gbogbo sì ń lọ déédé. Nígbà náà ni ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ wọn?" Mo wo abẹ́ àwòrán náà. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kò ju pé àwọn àgbẹ̀ ni, nínú ilé ẹjọ́. Mo sọ fún un pé a kò kọ orúkọ wọn. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó tún fi dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó wá jàre?" Olùkọ́ wa tí ó jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì láti wo bí mo ti ń kọ́ni ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo yára lu agogo ọ̀rọ̀ mìíràn, mo ní kí wọn ya àwòrán láámà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo padà sí inú ìwé àwòrán náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ajẹ́lẹ̀ ní orúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó lórí alùpùpù tuntun rẹ̀ ní ọdún 1934 ní orúkọ, Mario Pérez Yáñez ni. Àwọn àgbẹ̀ kò ní. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo rí nínú àwọn tálákà tí orúkọ rẹ̀ pé pérépéré ni Juan de la Cruz Sihuana, tí Chambi yà ní ọdún 1925, tí aṣọ ara rẹ̀ ti gbó, tí a sì lẹ̀ ẹ́ kiri. Kí ni ó mú kí a kọ orúkọ tirẹ̀? Ó ga ju mítà méjì lọ, a sì ń pè é ní òmìrán Paruro. Ó hàn pé bí tálákà ayé ìgbà náà yóò bá ní orúkọ ní abẹ́ àwòrán, àfi bí ó bá jẹ́ ohun ìyanu.

Àwọn kan ń yin Chambi bí ẹni pé agbẹnusọ àwọn aláìní nìkan ni ó jẹ́. Àwọn mìíràn ń wí pé oníṣòwò ni, àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó sìn. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó ní ìdílé láti bọ́ kò lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ajẹ́lẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìtọ́jú tí ó fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ara ìyàwó ajẹ́lẹ̀, òun náà ni ó fi tan án sí ojú àwọn àgbẹ̀ nínú ilé ẹjọ́. Kò fi wọ́n ṣe ẹ̀sín, kò sì fi wọ́n ṣe ohun àánú. Ó gbọ́ èdè wọn. Bí ó bá ní kí wọn dúró jẹ́ẹ́, èdè ìyá rẹ̀ ni ó lè fi wí i.

Kí a lè mọ ohun tí èyí tó, ẹ jẹ́ kí a wo àlejò kan tí ó wá sí ìlú kan náà. Ní oṣù December ọdún 1948, Irving Penn, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ń ya àwòrán aṣọ oge fún ìwé ìròyìn Vogue, wà ní Cusco. Nígbà tí ó parí iṣẹ́ tí a rán an, kò bá àwọn yòókù lọ. Ó rí ilé iṣẹ́ ayàwòrán ìbílẹ̀ kan ní àárín ìlú tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọ̀ dáadáa, ó yá a lọ́wọ́ onílé fún ọjọ́ díẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì, onílé sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará òkè tí wọ́n wá ya àwòrán ọdún bá òyìnbó ní ẹnu iṣẹ́ dípò ẹni tí wọ́n mọ̀. Wọ́n mú owó wá láti san. Òun ni ó sanwó fún wọn. Àwòrán tí ó yà lẹ́wà gan-an. Àwọn ọmọ kéékèèké méjì, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ti di mímọ̀ káàkiri ayé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kan náà ni, irú aṣọ ẹ̀yìn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó fún àwòrán ara rẹ̀ yóò mú un lọ sí ilé, yóò gbé e kọ́ ibi tí ó wù ú, yóò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ìyá mi rèé." Àwòrán ti Penn gba New York lọ.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé sinimá sàn jù, nítorí pé nínú sinimá ènìyàn ń rìn, ó ń jó, kò dúró bí igi. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Corpus Christi ní Cusco, a máa gbé ère àwọn ẹni mímọ́ láti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú àti agbègbè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ní èjìká àwọn ọkùnrin. Nínú àwòrán dígí, a rí ère, a rí èjìká, a kò rí bí ẹrù náà ti ń mi wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Manuel Chambi, ọmọ ayàwòrán wa yìí, ni ó fi sinimá ya ọdún náà ní 1955, ọdún kan náà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sinimá sílẹ̀ ní Cusco. Ní ọdún 1956 ó ya ọdún ìjó àwọn ará Kanas. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Georges Sadoul, rí iṣẹ́ wọn, ó sì fi orúkọ ìlú wọn pè wọ́n, bí a ti ń pe àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó ní ọ̀nà tiwọn. Ó wù mí pé ọmọ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ baba báyìí, àti pé kì í ṣe ilé Chambi nìkan: Luis Figueroa, ọmọ ayàwòrán Juan Manuel Figueroa Aznar, wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ní ọdún kan ṣáájú èyí, 1954, Amẹ́ríkà ti gbé sinimá kan jáde tí wọ́n yà lápá kan ní Cusco àti Machu Picchu, *Secret of the Incas*, nínú èyí tí Charlton Heston ń wá wúrà àwọn Inca kiri. Àwọn ará òkè wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Ní 1961, Luis Figueroa, Eulogio Nishiyama àti César Villanueva gbé *Kukuli* jáde, sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí a sọ ní èdè Quechua. Ìtàn ọmọbìnrin olùṣọ́ ẹran kan ni, tí ó ń lọ sí ibi ọdún ní Paucartambo, tí ẹ̀dá kan tí ó jẹ́ ìdajì béárì, ìdajì ènìyàn, sì gbé e lọ. Níhìn-ín àwọn ará òkè bọ́ sí iwájú. Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sílẹ̀: bí wọ́n ti ń sọ Quechua, ohùn kan ń fi èdè Spain ṣàlàyé wọn fún àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè. Ìròyìn ni sinimá pẹ̀lú, ó sì ní ohun tí dígí kò ní, èyíinì ni àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé e tí a sì ń tún un lẹ̀, àti ohùn tí a lè fi lé e lórí. Ọdún 1975 ni ìjọba Peru tó sọ Quechua di èdè ìjọba pẹ̀lú ti Spain.

Mo ṣèlérí pé a ó padà bá òkúta. Ní ọjọ́ Sunday, 21 May 1950, ní ọ̀sán, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá mi Cusco. Ilé amọ̀ àti ilé ìṣù amọ̀ wó lulẹ̀ ní òpópó dé òpópó, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì là, ilé àwọn ẹlẹ́sìn Santo Domingo bàjẹ́ púpọ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ògiri tẹ́ḿpìlì Inca tí a kọ́ ilé náà lé lórí dúró gbọn-in. Àjọ UNESCO rán àwọn amòye wá ní 1951 láti wo bí a ó ti tún ìlú náà ṣe. Chambi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde láàrín àwókù. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ ti yí padà ní ìtumọ̀, láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ kan dígí kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, àjà, àti igun ọjà tí ó ti yà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tún lè rí níbòmíràn.

Àwọn dígí náà wà nínú àpótí nígbà tí ó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ní ọdún 1977, ọmọ rẹ̀ Víctor àti ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Edward Ranney, bẹ̀rẹ̀ sí tú wọn, wọ́n ń nù wọ́n, wọ́n ń tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ní 1979, ilé ìṣọ́hun-ọnà ìgbàlódé ti New York pàtẹ àwòrán Chambi. Báyìí ni àwọn àgbẹ̀ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ṣe dé New York, láìní orúkọ síbẹ̀.

Àwòrán kan ṣẹ́kù tí n kò ì tí ì fi han àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Chambi fúnra rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, ní ọdún 1923, ó wọ kóòtù òyìnbó. Ó fi ọwọ́ gbé dígí kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ojú tirẹ̀ ni ó sì wà nínú dígí náà, ní òdì. Ó ń wò ó bí ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ ọmọṣẹ́ kan wò bóyá ó dára tó láti gbé fún oníbàárà. Bí a bá tún rán mi lọ sí kíláàsì náà, àwòrán yìí ni n ó kọ́kọ́ gbé kọ́ ara ògiri, kí n tó gbé ti ilé ẹjọ́, n ó sì dúró de ọmọkùnrin náà kí ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè.